Ìyá Aymen àti Ìpàkọ́ Àlàájì Sadok

Ìyá Aymen kì í gbàgbé nǹkan. Kò sapá kankan sí i. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ó lè sọ irú bàtà tí ọkùnrin kan wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pa irọ́ fún un. Ó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó kúrú, ọwọ́ rẹ̀ le, ó sì ti ń fi ọwọ́ náà se kọfí fún àwọn ará Borj Hashem ní Tùnísíà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Obìnrin tó ni ilé kọfí kò wọ́pọ̀ ní etíkun wa. Nígbà tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ tán, àwọn àna rẹ̀ wá bá a pé kó ta ibẹ̀. Ó gbé kọfí síwájú wọn, ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi mu ún tán, ó kó ife nílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọn ò tíì padà wá.

Òun ló sọ ibẹ̀ di ilé tẹ́níìsì. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni wọ́n ń wò ní àwọn ilé kọfí yòókù. Ní tirẹ̀, láti ìgbà tí Aymen, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti di rákẹ́ẹ̀tì mú, tẹ́níìsì ni. Bí ìdíje ńlá ti Paris bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún, àwọn apẹja, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwa tí a gboyè tí ìjọba sọ pé òun ò ríṣẹ́ fún, gbogbo wa á kó síbẹ̀ láti àárọ̀. A ó máa la kóró òdòdó oòrùn lẹ́nu, a ó máa tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ìyá Aymen á sì máa bú wa.

Ó ní òfin kan. Ẹni tó bá sọ lóhùn rara pé lágbájá ni yóò borí, tí lágbájá bá wá pàdánù, onítọ̀hún ní láti jókòó sí àga ògiri nígbà tó bá tún wá wòran. Ẹ̀yìn pátápátá ni àga náà wà. Ó kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹnì kan bá ti jókòó níbẹ̀, wọ́n á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Kò gbọdọ̀ yíjú. Bó bá fẹ́ mọ bí eré ṣe ń lọ, àfi kó béèrè, ẹni tó bá sì bi léèrè lè fún un ní èsì tó bá wù ú. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa ti jókòó síbẹ̀ rí. Dókítà ti jókòó síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́ rí, torí pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ kò tún ní mu kọfí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Shukri ló kọ́kọ́ jìyà. Ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni Shukri ń mú. Ó máa ń ri ìkòkò amọ̀ sínú omi kí wọ́n lè kó wọ inú rẹ̀. Ó ti sọ pé kò sẹ́ni tó lè mú ọkùnrin tó wà nípò kìíní láyé, àfi bí òjò iná bá rọ̀ sí Paris. Ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ lé ọ̀gá náà jáde ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta.

"Shukri, dìde," ni Ìyá Aymen wí.

"Ìyá Aymen, ẹsẹ̀ ń dun ọkùnrin yẹn. Gbogbo wa la rí i pé ó ń tiro."

"Ẹsẹ̀ tìrẹ ni mo ní kí o fi rìn. Àga wà níbẹ̀ yẹn."

Shukri lọ jókòó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bi ògiri pé, "Mélòó ni wọ́n gbá báyìí?"

"Òjò ti dá wọn dúró," ni ẹnì kan dá a lóhùn.

"Irọ́ ni. Mo gbọ́ tí ẹ pariwo."

"Òjò náà là ń pariwo lé lórí."

Àmọ́ eré àwọn ọkùnrin kọ́ ló kó wa jọ lọ́dún yẹn. Durra Shtiwi ni. Ọmọ ìlú wa ni Durra, ọmọ ogún ọdún, ọmọ mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe. Kò sí ọmọ Borj Hashem kankan tó dé irú ibẹ̀ rí. Aymen ló sì kọ́ ọ.

Bó ṣe kọ́ ọ nìyí. Aymen ń ṣiṣẹ́ ní kílọ́ọ̀bù tẹ́níìsì ìlú. Òun ló ń bomi rin pápá amọ̀, òun ló ń gbálẹ̀ rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti lọ sùn, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nínú oòrùn. Nígbà tí Durra jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n jẹ́ kó wọ ìdíje ọdọọdún kílọ́ọ̀bù, ó sì na ọmọbìnrin Àlàájì Sadok, alága kílọ́ọ̀bù, mẹ́fà sí òdo, mẹ́fà sí òdo. Ní ọjọ́ kejì, àgádágodo tuntun ti wà lẹ́nu géètì. Àlàájì Sadok dúró sí inú, Aymen àti ọmọ náà dúró síta. Ó ní, "Pápá yìí kì í ṣe ti ọmọ mẹkáníìkì. Ìwọ náà, máa lọ."

Wọ́n lọ sórí kọnkéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìnyín ní èbúté. Aymen fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Àwọ̀n ẹja tó ti gbó ló ta sáàárín. Níbẹ̀ ni Durra ti gbá bọ́ọ̀lù títí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sípéènì fi wá mú un. Lẹ́yìn náà, Aymen wá iṣẹ́ lọ sí gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tó ní pápá tẹ́níìsì ní etíkun wa. Gbogbo wọn ni Àlàájì Sadok ti fóònù pé kí wọ́n má gbà á, kí Aymen tó dé. Ó gba orí òkun lọ sí Ítálì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ló wà nísinsìnyí. Kò ní ìwé ìgbélùú, kò lè wálé. Ìyá rẹ̀ kò tíì fojú kàn án láti ìgbà náà.

Ní ọjọ́ tí Durra fẹ́ gbá eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Paris, Àlàájì Sadok yà sí ilé kọfí wa láti fi ara hàn. Ó mú búrẹ́dì gígùn kan dání, ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ẹni tí Durra fẹ́ bá pàdé wà lára àwọn ọ̀gá.

"Àlàájì, kí lẹ rí sí ọmọ wa?" ni Shukri bi í.

"Ọmọ yín. Kí búrẹ́dì ọwọ́ mi tó tutù, wọ́n á ti lé e wálé."

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Durra na ọ̀gá náà. Kí ó tó nà án tán, Àlàájì ti bá ẹ̀yìn jáde, kò sì tún padà wá. Durra na ẹnì kejì. Ó na ẹnì kẹta. Àwọn obìnrin tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ní ọ̀nà tirẹ̀ sì ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn wọ́n. Inú ilé kọfí di ilé ẹjọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣàlàyé.

"Ẹ wò ó, ọ̀nà ti ṣí. Ta ló kù níwájú rẹ̀?"

"Ọmọ Czech gíga yẹn ló kù. Ọwọ́ òsì ló ń lò."

"Ọwọ́ òsì ṣe jẹ́? Bọ́ọ̀lù ló máa gbá, kò ní fún un lóúnjẹ."

"Bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ kejì Durra, èyí tó ń gbá bí àkọ́kọ́ bá kùnà, rọ̀ jù. Ọmọ yẹn á jẹ ẹ́ bí wàrà."

"Bá a bá sọ pé kó o sọ ẹni tó máa borí, o kò ní sọ. Àlàyé lásán."

"Mo mọ ibi tí àga wà. N kò ya wèrè."

Lẹ́yìn tí Durra na ẹnì kẹrin, àwọn oníròyìn bi í ní Paris pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Aymen Sghaier ló kọ́ mi, lórí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìnyín." Rédíò àgbègbè wa gbé ìbéèrè náà lọ bá Àlàájì Sadok. A ń gbọ́ ọ nínú ilé kọfí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Aymen? Ọmọ kan tó máa ń ṣa bọ́ọ̀lù fún wa nígbà kan ni. Kílọ́ọ̀bù wa ló tọ́ Durra dàgbà."

Ìyá Aymen ń lọ kọfí lọ́wọ́. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn dé òpin, ó gbọ́ orin tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú, ó tún tan ẹ̀rọ. Nígbà tó ṣe, ó lọ gbé àga ògiri wá sẹ́yìn tábìlì rẹ̀.

"Ìyá Aymen, èmi ló kàn láti jókòó síbẹ̀," ni olùkọ́ kan wí.

"A ti dá ẹ sílẹ̀. Àga ti ní ẹni tó ni ín."

Ohun tó ń fẹ́ kò ṣòro láti mọ̀, ó sì sọ ọ́ fún wa lójúkojú. Ó fẹ́ kí Àlàájì padà sórí rédíò kan náà, kó sọ pé Aymen ló kọ́ Durra, pé òun ló sì lé àwọn méjèèjì. Bí kò bá sọ ọ́, òun á gba ẹ̀tọ́ ọmọ òun lọ́nà mìíràn.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n láti Tunis ló ṣí ọ̀nà fún un. Wọ́n fẹ́ ya àwọn ará ìlú Durra nígbà tó bá ń gbá eré àwọn mẹ́jọ tó kù, eré òun àti ọmọ Czech náà. Kílọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bá ọkùnrin mẹ́rin àti ológbò kan níbẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí àwọn ènìyàn wà, wọ́n sì júwe ọ̀dọ̀ wa fún wọn. Àlàájì Sadok tó ti rán aṣọ tuntun nítorí kámẹ́rà ní láti tẹ̀ lé kámẹ́rà. Ó kọ́kọ́ rán akọ̀wé rẹ̀ sí Ìyá Aymen.

"Àlàájì ní kí n kí yín. Wọ́n ní bí ẹ bá lè gbójú fo ọ̀rọ̀ àga yẹn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ta kọfí ní kílọ́ọ̀bù láti ìsinsìnyí lọ."

"Ṣé géètì á wà ní ṣíṣí fún mi?"

"Háà, Ìyá Aymen, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó yẹ kó ti wà ní ṣíṣí tipẹ́. Sọ fún un pé mo ti nu àga náà."

Nígbà tí Àlàájì dé, ilé ti kún fọ́fọ́. Obìnrin oníròyìn náà, Hind, ń to àwọn ènìyàn síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí, ó kọjú sí wa, torí pé ojú wa ni wọ́n fẹ́ yà. Àlàájì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àga tí Ìyá Aymen ti dá padà sídìí ògiri. Ó wo kámẹ́rà. Mo rí i tó ń ṣírò. Bó bá padà, ìròyìn á lọ láìsí òun nínú rẹ̀. Bó bá jókòó, wọ́n á sọ pé alága yìí kì í gbéra ga, ó ń bá àwọn tálákà ṣeré. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká aṣọ rẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri.

"Zakia, o ti ṣẹ́gun," ló wí. Kò pè é ní Ìyá Aymen rí. Orúkọ tirẹ̀ ló máa ń pè é, kó má baà fi ti ọmọ náà pè é.

"Ẹ jókòó dáadáa, Àlàájì. Ẹ má yíjú."

Báyìí ló ṣe rí nínú kámẹ́rà: ojú wa gbogbo, pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ìrètí, ní ẹ̀yìn wa, láàárín gbùngbùn, ìpàkọ́ ọkùnrin kan, ó pọ́n, ó sì sanra.

Hind béèrè pé, "Ìyá, ta ni bàbá tó kọjú sí ògiri yẹn?"

"Alága kílọ́ọ̀bù ni. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́ Durra."

Hind gbé ẹ̀rọ ìgbohùn lọ síbi ìpàkọ́ náà, ó sì bi í. Ìyá Aymen fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Ó dúró. Àlàájì ní ààyè láti dáhùn bó ṣe yẹ, pẹ̀lú gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń gbọ́ ọ. Ó bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ní, "Kílọ́ọ̀bù wa ni. Ọmọ wa ni Durra láti kékeré."

Ìyá Aymen gbé aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀. Ó wo Shukri. Shukri gbé ìjókòó tirẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájì.

Láti ìgbà náà, Shukri ni ojú Àlàájì. Nígbà tí ọmọ Czech gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, Shukri sọ fún un pé Durra ló gbà á. Àlàájì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Durra gba ìkejì, tí a dìde tí a hó, Shukri ní, "Ẹ ò rí ìwà wọn. Wọ́n ń hó lé Durra lórí kí ọkàn rẹ̀ lè dàrú. Ọmọ Czech ló gba ìyẹn."

"Èrò Paris ni àbí tiwa?"

"Tiwa, Àlàájì. Ìlara."

"Mo mọ̀ wọ́n," ni Àlàájì wí.

Sẹ́ẹ̀tì kẹta burú. Bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ kejì tí wọ́n ń sọ, ọmọ Czech bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó di márùn-ún sí mẹ́ta, ó ku bọ́ọ̀lù kan kí Durra pàdánù. Kò sí ẹni tó ń la kóró mọ́. Àlàájì béèrè iye tó jẹ́. "Márùn-ún sí mẹ́ta," ni Shukri wí, èyí kì í sì í ṣe irọ́. "Bọ́ọ̀lù kan ló kù."

Ọmọ Czech gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan, ó balẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Ohun tí a rí nìyẹn. Gbogbo ilé dìde, a pariwo débi pé ife ṣubú, torí pé a rò pé Durra ti bọ́.

"Ó parí, Àlàájì," ni Shukri wí sí i létí.

Ní Paris, adájọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀. Ó rìn lọ síbi àmì tí bọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ lórí amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì na ìka sí i: ó kan ìlà. Eré ti tán, Durra ti pàdánù. Durra dúró fún ìgbà díẹ̀, ó rìn lọ sídìí àwọ̀n, ó bọ ọmọ náà lọ́wọ́. Ilé kọfí dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Àlàájì Sadok ti dìde. Ó yíjú padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó ní, "Ẹ wò ó. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Inú mi dùn dé egungun." Obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ń sunkún. Durra fi aṣọ inura bojú nínú tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè. Àlàájì pàtẹ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó wo òkè yẹn. Kámẹ́rà kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo fóònù ní Tùnísíà ló ti rí ọkùnrin tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹkún Durra. Wọ́n fi orin sí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kílọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti béèrè ohun tó ṣe é. Aymen náà pe ìyá rẹ̀ láti Ítálì.

"Màámi, mo rí i. Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa ronú nípa Durra."

"Durra á tún gbá a lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwọ ńkọ́, ta ló máa dá ọdún tìrẹ padà?"

"Màámi, mo ti dárí jì í."

"Ìwọ lo dárí jì í. N kò sí níbẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájì Sadok wá. Aṣọ tuntun kọ́ ló wọ̀.

"Ìyá Aymen," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ní kí Shukri àti àwọn tó kù jáde sọ fún àwọn ènìyàn pé wọ́n tàn mí ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé òfin àga. Àwọn ọmọ mi ò lè jáde. Bí ẹ bá ṣe é, màá lọ sórí rédíò, màá sọ ohun tí ẹ fẹ́."

"Kí ni mo fẹ́?"

"Pé Aymen ló kọ́ ọ. Pé mo lé wọn."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ."

Ó lọ. Ní ọ̀sán, gbogbo wa gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó pe orúkọ Aymen Sghaier ní kedere. Ó sọ nípa géètì, ó sọ nípa àgádágodo, ó tilẹ̀ sọ nípa àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó fóònù, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n gbé ìwé fún pé kó kà. Ìyá Aymen kò pa ẹ̀rọ kọfí lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbọ́ ọ pẹ̀lú ariwo rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Àlàájì fi dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí gùlegùle.

"Mo ti sọ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Ó wá ku tiyín, Ìyá Aymen."

"Èwo ni tèmi? Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ. N kò sọ pé màá tẹ̀ lé yín."

Ó wo Shukri. Shukri kò wo Àlàájì, tẹlifíṣọ̀n ló ń wò. Eré àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní Paris, olùkọ́ kan sì ti ń sọ pé ọmọ Argentina yẹn kò lè dé ibi tí ife ẹ̀yẹ wà. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí obìnrin náà ṣe pọ̀ jù, pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó jẹ́wọ́ nítorí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Bí wọn ò bá yà á, títí di òní ni Aymen ì bá ṣì máa ṣa bọ́ọ̀lù lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn apẹja méjì tí wọ́n ń bọ̀ láti èbúté fẹ́ wọlé, wọn ò sì rọ́nà gbà.

"Ẹ yà fún wọn, Àlàájì," ni Ìyá Aymen wí. "Ẹ̀ ń dí ilẹ̀kùn."